Nígbà tí kọ́ńtíróòlù ò gbọ́ oògùn mọ́: àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú láàbù wa

Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí àjákù ẹ̀ làwọn èèyàn ń gbé kiri nínú láàbù, oníkálùkù sì ní bó ṣe ń sọ tiẹ̀. Ẹni tọ́rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí, àbúrò wa kan ni, ó wà ní ọdún kẹta PhD ẹ̀ nígbà yẹn. Mo ti gbàyè lọ́wọ́ ẹ̀ kí n tó kọ ọ́, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ láàbù kankan. Èmi ti parí PhD tèmi, postdoc ni mò ń ṣe níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ara wa la jókòó sí, gbogbo ẹ̀ ló ṣojú mi.

Iṣẹ́ tó ń ṣe dá lórí jẹjẹrẹ pancreas, ìyẹn ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpòlúkù tó ń ṣe insulin. Oògùn tó ń lò ni gemcitabine, wọ́n ti fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà fún irú jẹjẹrẹ yìí láti 1996. Bí oògùn yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: ó fara jọ deoxycytidine tí sẹ́ẹ̀lì fi ń kọ́ DNA, sẹ́ẹ̀lì á gbé e mì láìfura, á fi kọ́ DNA ẹ̀, DNA náà ò sì ní lè gùn sí i mọ́, sẹ́ẹ̀lì á kú. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ rántí ibi tí mo sọ pé ó fara jọ deoxycytidine yẹn, ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti wá.

Ìbéèrè tó fẹ́ dáhùn ni pé tí èèyàn bá pa jíìnì kan lẹ́nu mọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì MIA PaCa-2, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ pancreas tí wọ́n ń tọ́jú nínú láàbù, ṣé oògùn yìí á ṣiṣẹ́ sí i ni àbí á dín kù. Wọ́n fi lentivirus, ìyẹn virus tí a fi ń gbé nǹkan wọnú sẹ́ẹ̀lì, gbé shRNA (RNA kékeré tó ń pa jíìnì lẹ́nu mọ́) wọnú sẹ́ẹ̀lì láti pa jíìnì náà lẹ́nu mọ́, wọ́n sì ní sẹ́ẹ̀lì kọ́ńtíróòlù tí wọ́n gbé shRNA tí kò ṣe nǹkan kan sí. Bí ìwádìí tó rọrùn ṣe máa ń rí nìyẹn, méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu nínú gbogbo nǹkan àyàfi jíìnì yẹn nìkan.

Àwọn tí kò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí lè máà mọ bí ọjọ́ ẹ̀ ṣe ń lọ. Sẹ́ẹ̀lì ò mọ ọjọ́ Àìkú, tó bá ti kún fláàsìkì, wàá wá pín in ni, yálà ara rẹ yá o tàbí kò yá. Wàá kọ orúkọ sílẹ̀ fún hood, ìyẹn àpótí tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ mímọ́ tí a ti ń ṣiṣẹ́, wàá bá ẹnì kan tó ti kọjá àkókò ẹ̀ lórí ẹ̀, wàá dúró. Wàá fi ethanol nu gbogbo ibẹ̀, wàá yọ média, oúnjẹ olómi tí sẹ́ẹ̀lì ń gbé inú ẹ̀, láti inú omi gbígbóná, wàá pín sẹ́ẹ̀lì sínú plate oníhò 96, lọ́jọ́ kejì wàá fi oògùn sí i láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù, wàá dá a padà sínú ínkúbétọ̀ ní 37°C àti 5% CO2, ó di ẹ̀yìn wákàtí 72. Lẹ́yìn ìyẹn wàá fi MTT sí i, nǹkan pupa rúsúrúsú kan ni, sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè á sọ ọ́ di àwọ̀ elésè àlùkò, ibi tí àwọ̀ náà bá ti ṣú dáadáa, sẹ́ẹ̀lì pọ̀ níbẹ̀. Plate kan lè gba ọ̀sẹ̀ odindi lọ́wọ́ èèyàn, tí nǹkan kan bá bà á jẹ́ ní ọjọ́ ìkẹyìn, ó ti lọ nìyẹn.

Níbẹ̀rẹ̀, nǹkan ń lọ bí ẹni pé Ọlọ́run fọwọ́ sí i. Sẹ́ẹ̀lì kọ́ńtíróòlù ń kú bó ṣe yẹ kó kú, sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n pa jíìnì ẹ̀ lẹ́nu mọ́ ò dá oògùn lóhùn rárá. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré, kò gba pé kí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ṣe ìṣirò kó tó rí i, ojú lásán ti tó. Inú Prof dùn gan-an, wọ́n gbé gráàfù náà jáde ní mítìn ọjọ́ Ajé, wọ́n ní ká wo bí iṣẹ́ ṣe ń rí. Wọ́n kọ abstract, ìyẹn àkópọ̀ iṣẹ́ náà, ránṣẹ́ sí àpérò kan, wọ́n gbà á fún póstà. Àbúrò wa bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín ní kọ́rídọ̀, ohun tí a ò tíì rí láti ọdún àkọ́kọ́ ẹ̀, torí ọdún méjì ló fi ń wá bí shRNA yẹn ṣe máa ṣiṣẹ́.

Ìgbà tó fẹ́ parí àwọn plate tó kù fún póstà ni kọ́ńtíróòlù yí ìwà padà. Ó kọ́kọ́ jẹ́ díẹ̀, oògùn tó ń pa ìdajì sẹ́ẹ̀lì tẹ́lẹ̀ ò pa tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní pípẹ́ẹ̀tì tí a fi ń wọn omi ni, ó kọ ọ́ sínú ìwé láàbù ẹ̀ pé plate náà ò dáa, ó tún un ṣe. Èyí tó tún ṣe burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tú oògùn tuntun, kò yàtọ̀. Ó yí serum tí wọ́n ń fi sínú média padà, kò yàtọ̀. Ó gbé e lọ sí mítìn, ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn tí wọ́n fún un: ẹnì kan ní kó fara balẹ̀ tó bá ń pín sẹ́ẹ̀lì, ẹlòmíì ní kó lọ ṣàyẹ̀wò pípẹ́ẹ̀tì ẹ̀, Prof ní boyá ó ti rẹ̀ ẹ́, kó sinmi ní ọjọ́ méjì kó tó tún un ṣe.

Ibí yìí ni inú ti máa ń bí mi. Nínú láàbù, tí nǹkan bá ti bà jẹ́, ọwọ́ ẹni tó kéré jù la kọ́kọ́ máa ń fura sí. Wọn ò ní ìwà burúkú lọ́kàn, wọ́n fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti sọ pé ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n ju kí èèyàn bi ara ẹ̀ pé kí ló wà nínú ínkúbétọ̀ tí gbogbo wa jọ ń lò. Òun náà sì gbà á gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá lóru nígbà tí kò sí ẹnì kankan kó má baà sí ẹni tó máa rí i tó bá tún bà jẹ́. Mo rí akẹ́kọ̀ọ́ tó já fáfá tó ń di ẹni tó ń bẹ̀rù plate, ó dùn mí gan-an.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló wá bá mi pẹ̀lú kọ̀ǹpútà ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí, mi ò fẹ́ sọ fún Prof tí kò bá yé mi." Ohun tó ṣe lọ́jọ́ yẹn ló tú gbogbo ẹ̀ síta, òun fúnra ẹ̀ ló sì rò ó, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Tẹ́lẹ̀, àwọn plate tó dáa ló máa ń kó jọ sójú kan, á kó àwọn tó pè ní burúkú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lọ́jọ́ yẹn, ó kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, dáadáa àti burúkú, ó tò wọ́n ní ọjọ́ tó ṣe wọ́n láti inú ìwé láàbù ẹ̀. Kọ́ńtíróòlù ń rìn lọ sápá ọ̀tún lórí gráàfù díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ni pé oògùn tó pọ̀ sí i ló ń gbà kó tó kú, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kò padà sẹ́yìn rí.

Mo sọ fún un pé, "Àbúrò mi, ọwọ́ rẹ kọ́. Ọwọ́ tí kò dáa, bó ṣe ń ṣì sókè lòní ló máa ṣì sísàlẹ̀ lọ́la. Eléyìí ojú kan ló ń lọ." Kọ́ńtíróòlù ń di nǹkan tí sẹ́ẹ̀lì kejì ti dà láti ọjọ́ pípẹ́. Mo wá bi í léèrè pé ìgbà wo la yẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí wò fún mycoplasma gbẹ̀yìn. Kò mọ̀. A lọ bi ẹni tó ń bójú tó láàbù, òun náà ò mọ̀. A wá nínú ìwé àkọsílẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, mycoplasma jẹ́ bakitéríà, ó sì wà lára àwọn tó kéré jù láyé. Kò ní ògiri tí bakitéríà yòókù ní lára, torí náà penicillin tó jẹ́ pé ògiri yẹn ló ń bà jẹ́ ò lè ṣe é ní nǹkan kan, ó sì lè yọ́ gba inú filter 0.22 µm tí a fi ń yọ ìdọ̀tí kúrò nínú média. Bakitéríà yòókù tó bá wọ fláàsìkì, ọjọ́ kejì ni média á ti dà rú, àwọ̀ ẹ̀ á yí, gbogbo èèyàn á mọ̀. Mycoplasma lè tó mílíọ̀nù lọ́nà mẹ́wàá nínú mílílítà kan tí média ṣì máa mọ́ kedere, tí sẹ́ẹ̀lì ṣì máa ń dàgbà, tí o bá wo inú màìkírósíkópù lásán o ò ní rí nǹkan kan. Láti 1956 ni wọ́n ti kọ ọ́ síta pé ó máa ń wọ sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tọ́jú nínú láàbù, kì í ṣe nǹkan tuntun. Ìwádìí kan tó jáde ní 2015 lọ yẹ dátà RNA tó wà ní gbangba wò, bíi 11% nínú àwọn iṣẹ́ tí wọ́n yẹ̀ wò ló ní àmì mycoplasma, iṣẹ́ táwọn èèyàn ti fi síta tán o.

A tọ́jú sẹ́ẹ̀lì náà láìfi antibáyótíìkì kankan sí i fún ọjọ́ mélòó kan kí ó má baà bo kòkòrò náà mọ́lẹ̀, a mú média ara wọn, a ṣe PCR, ìdánwò tó ń wá DNA kòkòrò náà. Line méjèèjì, ìyẹn irú sẹ́ẹ̀lì méjèèjì, ló ní in, ti sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n pa jíìnì ẹ̀ lẹ́nu mọ́ ló lágbára jù lórí gel tó ń fi DNA náà hàn. A tún fi Hoechst kùn wọ́n, ìyẹn nǹkan aláwọ̀ búlúù tó máa ń lẹ̀ mọ́ DNA. Sẹ́ẹ̀lì tó mọ́, inú núkílíọ́ọ̀sì nìkan lo máa rí búlúù. Tiwa, búlúù tó-tò-tó ló tàn káàkiri yí núkílíọ́ọ̀sì ká. Àbúrò wa wo inú ẹ̀, kò sọ̀rọ̀, ó kàn jókòó. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó túmọ̀ sí pé kì í ṣe èmi." Mo ní rárá, kì í ṣe ìwọ. Ó sunkún díẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ìtura ni tàbí ìbànújẹ́, ó jọ pé méjèèjì ni.

Ṣùgbọ́n pé kòkòrò wà níbẹ̀ ò tíì sọ pé òun ló fa ohun tí a rí. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ deoxycytidine padà dé. A fi DNA tí PCR náà mú jáde ránṣẹ́ kí wọ́n ka lẹ́tà inú ẹ̀, ó jáde pé Mycoplasma hyorhinis ni. Ó ti wà nínú pépà pé kòkòrò yìí ní ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń pè ní cytidine deaminase, ohun tó ń fi ṣe ni pé ó ń sọ cytidine di uridine kó lè rí jẹ. Gemcitabine tó fara jọ deoxycytidine, á mú òun náà, á sọ ọ́ di nǹkan tí kò lè pa sẹ́ẹ̀lì mọ́. Kò sí sẹ́ẹ̀lì kankan tó ń dènà oògùn. Kòkòrò ló ń jẹ oògùn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì. Àwọn àgbà sọ pé kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ náà ló wà.

A dán an wò báyìí: a mú média tí sẹ́ẹ̀lì aláìsàn yẹn ti wà nínú ẹ̀, a fi gemcitabine sí i, a jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, a wá dà á sórí sẹ́ẹ̀lì tó mọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ láti inú nitrogen olómi tí a ń di sẹ́ẹ̀lì pamọ́ sí. Wọn ò kú. A tún ṣe irú ẹ̀ kan náà, a fi tetrahydrouridine tó máa ń dí cytidine deaminase lọ́wọ́ sí i, oògùn padà ṣiṣẹ́, sẹ́ẹ̀lì kú. Nínú média tó mọ́, tetrahydrouridine náà ò fi bẹ́ẹ̀ yí nǹkan kan padà. A ka sẹ́ẹ̀lì fúnra wọn lábẹ́ màìkírósíkópù, a ò gbẹ́kẹ̀ lé MTT nìkan, torí mycoplasma lè da MTT pàápàá rú. Gbogbo ẹ̀ ń sọ ohun kan náà.

Ó ku ká sọ fún Prof. Àbúrò wa bẹ̀ mí pé ká tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i kí á tó lọ, mo ní tí a bá lọ lónìí, sẹ́ẹ̀lì àwọn yòókù á ṣì ṣeé gbà là. A gbé àwòrán gel lọ. Prof wò ó pẹ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu wọn, mo bọ̀wọ̀ fún wọn nítorí ẹ̀ títí dòní: "Ta la ti fún ní sẹ́ẹ̀lì yìí?" Láàbù méjì ni, wọ́n kọ ímeèlì sí wọn kí a tó jáde ní ọ́fíìsì.

Ìbéèrè kejì ni ò dùn mọ́ mi. Wọ́n ní ṣé póstà ò ṣì lè lọ, pé àwọn plate àkọ́kọ́ dáa, kọ́ńtíróòlù mọ́ nígbà yẹn, a lè máa ṣe ìyókù lábẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn yé mi, abstract ti wà nínú ìwé àpérò, orúkọ láàbù wà lórí ẹ̀, wọ́n sì ní owó ìwádìí tí wọ́n fẹ́ béèrè fún. Èmi ti ń wá bí mo ṣe máa fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ kí àbúrò wa tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi: "Prof, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, bí kọ́ńtíróòlù ṣe mọ́ nígbà yẹn gan-an ló fi jẹ́ pé irọ́ ni ìyàtọ̀ náà. Mi ò lè dúró síwájú póstà yẹn kí n máa ṣàlàyé ẹ̀ fún èèyàn." Wọn ò dá a lóhùn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n wá sídìí bẹ́ǹṣì ẹ̀, wọ́n ní àwọn ti kọ̀wé pé kí wọ́n yọ póstà náà, pé ohun tó sọ tọ̀nà. Kò sí ohun tó tún ọkàn ọmọ yẹn ṣe ju ìyẹn lọ, kódà ju àbájáde PCR lọ.

Ibo ni kòkòrò ti wọlé? Ìwé láàbù ẹ̀ ló sọ fún wa, torí gbogbo ìgbà tó bá di sẹ́ẹ̀lì sínú nitrogen ló ń kọ ọjọ́, passage (iye ìgbà tí wọ́n ti pín sẹ́ẹ̀lì náà) àti ibi tó ti ṣe é. Mycoplasma náà kì í kú ní −196°C, ó ń dúró de ẹni tó máa yọ ọ́ ni, torí náà fáyà kọ̀ọ̀kan, ìgò kékeré tí a dì í sí, jẹ́ ẹ̀rí ọjọ́ tí wọ́n dì í. A ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a ń yẹ̀ wọ́n wò. Gbogbo èyí tó wà ṣáájú iṣẹ́ lentivirus mọ́. Sẹ́ẹ̀lì kọ́ńtíróòlù, ẹ̀gbọ́n kan tó ti lọ ló ṣe é nínú láàbù wa tẹ́lẹ̀, òun náà mọ́ nígbà tí wọ́n dì í. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n pa jíìnì ẹ̀ lẹ́nu mọ́, yàrá láàbù mìíràn tó ní ààyè fún virus ni wọ́n ti ṣe é, ó wà nínú ínkúbétọ̀ wọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, fáyà àkọ́kọ́ tó dé láti ibẹ̀ ti ní in. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò sí ẹni tó yà á sọ́tọ̀, ínkúbétọ̀ kan náà, hood kan náà, ìgbà míì ìgò média kan náà, ó wá ń ràn mọ́ kọ́ńtíróòlù díẹ̀díẹ̀.

Ojú tèmi ni pé ibi tí ẹ̀bi wà gan-an nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì méjì tí wọn ò ṣe ní ọjọ́ kan náà, ní ibì kan náà, pẹ̀lú ọwọ́ kan náà, kì í ṣe kọ́ńtíróòlù ara wọn, bó ti wù kí orúkọ wọn jọra tó. Gbogbo wa la wo gráàfù yẹn ní mítìn, àwa tí a ti gboyè tán, kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí wọ́n ti ṣe line kọ̀ọ̀kan.

Ìmọ́tótó tó tẹ̀ lé e ò ní ìtàn púpọ̀. A ba gbogbo fláàsìkì tó ní in jẹ́, a da média tó wà ní ṣíṣí nù, ínkúbétọ̀ gbóná ara ẹ̀ títí ó fi pa gbogbo nǹkan inú ẹ̀, àwọn fáyà tó ní kòkòrò lọ sínú àpótí tiwọn. Ẹnì kan nínú wa ní line kan tí kò sí irú ẹ̀ níbòmíì, ìyẹn nìkan la fi antibáyótíìkì tó bá mycoplasma mu tọ́jú, a sì tún ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ẹ̀ torí ó lè fara pamọ́ kó padà. Ní báyìí, sẹ́ẹ̀lì yòówù tó bá wọlé láti ìta ń dúró nínú ínkúbétọ̀ kékeré ọ̀tọ̀ títí PCR á fi sọ pé ó mọ́, a sì ń yẹ gbogbo line wò lóṣooṣù, orúkọ ẹni tó kàn wà lára ògiri, orúkọ Prof náà wà níbẹ̀.

Àbúrò wa tún gbogbo line ṣe, kọ́ńtíróòlù àti ti jíìnì, ọjọ́ kan náà, ìgò virus tó ṣe fúnra ẹ̀. Ìyàtọ̀ ńlá yẹn pòórá. Ohun tó kù kéré débi pé kò lè gbé orí ìwé kan dúró. Àwọn kan sọ fún un pé kó sọ mycoplasma náà di ìwádìí, torí láàbù Ravid Straussman ní Israel ṣe bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ wọn náà bẹ̀rẹ̀ láti ara sẹ́ẹ̀lì tó ní M. hyorhinis tó ń ba gemcitabine jẹ́, wọ́n wá lọ wo inú jẹjẹrẹ pancreas èèyàn gidi, wọ́n rí bakitéríà nínú 86 nínú 113, pépà náà jáde nínú Science ní 2017. Iṣẹ́ tó wú mi lórí púpọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ti ṣe é tán, àbúrò wa sì ní nǹkan tirẹ̀ tó fẹ́ mọ̀, mi ò rí ìdí tó fi yẹ kó sá tẹ̀ lé e torí pé ọ̀nà tiẹ̀ dí.

Ìgbìmọ̀ tó ń wo PhD ẹ̀ jókòó, wọ́n fún un ní àkókò kún àkókò, jíìnì mìíràn tó ti ń wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ló wá di gbòógì iṣẹ́ ẹ̀. Wọ́n jiyàn díẹ̀ lórí bóyá kí orí ìwé àkọ́kọ́ yẹn wà nínú thesis. Ọ̀kan nínú wọn ní kó yọ ọ́, pé kò sí àbájáde níbẹ̀. Òun ní á wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn gráàfù tó tò ní ọjọ́ wọn, gel, àti àbájáde tetrahydrouridine, Prof tì í lẹ́yìn, wọ́n gbà. Nínú láàbù méjì tí a kọ ímeèlì sí, ọ̀kan ti yẹ tiwọn wò, wọ́n bá a níbẹ̀, wọ́n dúpẹ́. Èkejì ò tíì fèsì, Prof sì tún kọ sí wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá.